Onílù Tí Kì í Gbọ́ràn

Àwọn àgbà ní bí onílù bá yí ìlù padà, oníjó a yí ijó padà. Òwe yìí kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni, àfi oníjó tó bá ra kọ̀ǹpútà olówó ńlá.

Àwọn olórin kan ti padà sídìí téèpù báyìí. Wọ́n ní ohùn orí kọ̀ǹpútà ti mọ́ jù, kò lẹ́ran lára. Wọ́n wá ra ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì onítrákì mẹ́rin àtijọ́, irú Portastudio tí Tascam kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún 1979, wọ́n ní kó bá kọ̀ǹpútà wọn rìn pọ̀. MIDI ló yẹ kó so wọ́n pọ̀, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà àti Japan jọ ṣe kí ẹ̀rọ orin lè máa gbọ́ èdè ara wọn. Níbi ìpàtẹ NAMM ní California, ní oṣù January 1983, wọ́n fi wáyà so Prophet-600 ti Sequential Circuits mọ́ Jupiter-6 ti Roland, èkíní sì ń pàṣẹ fún èkejì. Ọdún yẹn náà ni King Sunny Adé gbé àwo Synchro System jáde. Wáyà kankan kò sọ fún àwọn onílù tirẹ̀ ìgbà tí wọn yóò lu ìlù. Etí ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n.

Téèpù kò ní irú etí bẹ́ẹ̀. Bí mọ́tò rẹ̀ bá ṣe yí i ló ń lọ: ó lè yá díẹ̀, ó lè falẹ̀ díẹ̀, kò sì ní bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ìdí nìyí tí a fi ń fi téèpù ṣe onílù, tí kọ̀ǹpútà ń jó tẹ̀lé e. Kí a tó gba orin kankan sílẹ̀, a ó ya trákì etí, ìyẹn trákì kẹrin, sọ́tọ̀, a ó sì gba ariwo burúkú kan tó ń jẹ́ SMPTE sórí rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí téèpù bá ti ń yí, ẹ̀rọ alágbàsọ tí wọ́n ń pè ní MIDI interface a máa gbọ́ ariwo náà, a sì máa sọ fún kọ̀ǹpútà ibi tí orin dé.

Ẹ wá wo ọ̀gá olórin wa. Ó tẹ téèpù, kọ̀ǹpútà dákẹ́. Ó ní fáírọ́ọ̀sì ni. Ó pa gbogbo ètò inú rẹ̀ rẹ́, ó tún un fi sí i. Kọ̀ǹpútà ṣì dákẹ́. Ó yá owó, ó ra òmíràn. Ní gbogbo àsìkò yìí, iná pupa kékeré kan ń tàn níwájú ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì: bọ́tìnnì dbx tó ń dín ariwo kù lórí téèpù. Oore ló ń ṣe fún ohùn èèyàn, ṣùgbọ́n ó máa ń lọ́ ariwo SMPTE po títí interface kò fi ní mọ ohun tó ń gbọ́. Kí ó ṣáà pa bọ́tìnnì yẹn, kí ó tún ariwo náà gbà.

Nígbà tó pa á tán, kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin lọ́tọ̀, nítorí aago inú ara rẹ̀ ló ń tẹ̀lé. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé kó máa gbọ́ ti ìta. Wọ́n tún èyí náà ṣe, orin tún ń yapa díẹ̀díẹ̀: férémù 29.97 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n fi gba ariwo sórí téèpù, 30 ni wọ́n kọ fún kọ̀ǹpútà. Ìṣẹ́jú àáyá 3.6 ni ìyàtọ̀ yẹn ní wákàtí kan. Nínú orin ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ti tó ìṣẹ́jú àáyá 0.3. Ẹsẹ̀ oníjó a balẹ̀ lẹ́yìn tí ìlù ti kọjá.

Ẹni tó bá gbọ́n a yẹ wáyà wò ná: ṣé OUT wọ IN, àbí OUT wọ OUT? A tẹ kíbọọ̀dù lẹ́ẹ̀kan, a wò ó bóyá iná interface ṣẹ́jú. A tẹ́tí sí trákì kẹrin bóyá ariwo wà níbẹ̀. A wo aago, a wo 30 àti 29.97. Ẹ̀yìn gbogbo ìwọ̀nyí ni a tó ń sọ̀rọ̀ owó.

Kí ló dé tí ọ̀gá wa kò ṣe bẹ́ẹ̀? Kò lè gbà pé ẹ̀rọ tó ná an lówó jù ló yẹ kó máa tẹ̀lé kásẹ́ẹ̀tì àlòkù. Lójú rẹ̀, ẹni tó gbọ́n jù ni kó ṣíwájú. Ọ̀rọ̀ yìí kò sì mọ sídìí orin: ẹ dé ọ́fíìsì, ẹ dé ìpàdé ẹbí, gbogbo ọlọ́gbọ́n ló fẹ́ di onílù, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbẹ́sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni títẹ̀lé ló gba ọgbọ́n. Aago MIDI máa ń lù nígbà 24 nínú bíìtì kan; bí orin bá ń lọ ní bíìtì 120 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 48 nìyẹn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, kí ó sì máa yá tàbí kó máa falẹ̀ bí téèpù bá ṣe fẹ́. Téèpù kò lè ṣe é láéláé. Òun kàn ń yí ni.

Ẹni tó bá ra kọ̀ǹpútà tuntun nítorí bọ́tìnnì tí kò pa, ẹ má bá a wíjọ́. Ẹ kí ẹni tó tà á fún un kú oríire, nítorí oníbàárà bẹ́ẹ̀ á tún padà wá.