Sẹ̀mẹ́sítà Kan ní Mile 12

Ìjọba Amẹ́ríkà ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Boren. Òfin ọdún 1991 ló bí i. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó bá fẹ́ lọ kọ́ èdè tó wúlò fún ààbò ìlú wọn ni wọ́n ń sanwó fún, owó náà sì lè tó $25,000 fún ẹni tó bá pẹ́ lókè òkun. Yorùbá wà lára àwọn èdè náà. Èyí ló gbé àwọn ọmọ Amẹ́ríkà kan wá sí Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀, tí wọ́n ń béèrè àlàáfíà ilé.

Ní ẹ́sítéètì wa ní Magodo, l'Ékòó, ẹ̀wẹ̀, owó gọbọi là ń san fún ilé-ìwé kí ọmọ má baà gbọ́ Yorùbá rárá.

Mo dábàá kí àwa onílé dá ẹ̀bùn tiwa sílẹ̀: sẹ̀mẹ́sítà kan ní ọjà Mile 12. Kò gba físà. Kí àwọn ọmọ wa ṣáà ti kọjá géètì ẹ́sítéètì. Ẹ̀kọ́ kìíní: bí a ṣe ń ná tàtàṣé. Ẹ̀kọ́ kejì: bí a ṣe ń kí ìyá aláta tí yóò fi fi ènì sí i. Ìdánwò àṣekágbá: kí ọmọ wọ dáńfó gba Kétu padà wálé, kí ṣéńjì rẹ̀ sì pé.

Boren ní dandan ni kí ẹni tó jàǹfààní sin ìjọba fún ọdún kan, ó kéré tán. Tiwa náà ní májẹ̀mú: ọdún kan gbáko ni ọmọ yóò fi ṣe ògbufọ̀ láàárín àwọn àbúrò rẹ̀ àti màmá àgbà.