Òjò, Alájọ Tí Kò Mọ Ọjọ́ Ìsanwó

Ìwọ òjò Ẹdẹ, bọ́ síta, ọ̀rọ̀ rẹ ti ń jẹ wá lẹ́nu. Láyé àtijọ́, bí o bá fẹ́ wá, wàá kọ́kọ́ rán àkọ́rọ̀ sílẹ̀. Bí o bá fẹ́ lọ, àrọ̀kúrò á bá ọ dágbére. Ọmọlúàbí ni ọ́ nígbà yẹn. Nísinsìnyí ńkọ́? O rọ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú oṣù Kẹta, àgbẹ̀ sáré gbin àgbàdo, o wábi gbà, àparò wú èso jẹ. Ìgbà tí a ti gbàgbé rẹ lo wá yọ lọ́sàn-án Sátidé, o ká ìlú mọ́ òde ìnáwó, o gbé kánọ́pì lọ, o sọ léèsì ìyá ọkọ di àkísà. Bàbá tó gbowó pé òun yóò dá ọ dúró ló kọ́kọ́ sá wọlé.

Àwọn kan á ní Ṣàngó ló ń bínú. Ẹ fi ọkọ Ọya sílẹ̀, ooru ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Bí afẹ́fẹ́ bá fi díígírì Sẹ́síọ́sì kan gbóná sí i, oru omi tó lè gbà á fi nǹkan bí 7 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Ayé sì ti fi ju díígírì kan lọ gbóná ju bó ṣe rí láàárín 1850 sí 1900. Alájọ tó ra àpò tuntun lo dà. Ò ń gbà lọ́wọ́ odò Ọ̀ṣun, ò ń gbà lọ́wọ́ ìsédò Ẹrinlẹ̀, ò ń gbà lára ewé kòkó àti oko ẹ̀gẹ́. Òkun Àtìláńtíìkì gan-an ni oníbàárà rẹ tó tóbi jù.

Ó wá ku ìsanwó. Gbogbo òjò tó ń rọ̀ káàkiri àgbáyé kì í fi ju nǹkan bí 2 tàbí 3 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i fún díígírì kan yẹn. Oru tó bá di omi lókè máa ń tú ooru sílẹ̀, afẹ́fẹ́ sì gbọ́dọ̀ ti ooru náà jáde kúrò láyé kó tó lè rọ òmíràn. Kì í yá a lára. Àpò ń yára fẹ̀, owó ń rọra jáde. Ìdí nìyí tí o fi ń pẹ́ kó o tó dé, tó o bá sì dé tán, wàá da gbogbo àjọ lé àdúgbò kan lórí, àdúgbò kejì á máa gbá eruku.

Ti ìsinmi oṣù Kẹjọ rẹ tún ńkọ́? A mọ̀ pé o ti bá ìgbànú òjò gòkè Ọya lọ, a ò bínú. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980, ìwọ tó yẹ kó o máa sinmi lo mú odò Ògùnpa kún àkúnya n'Ìbàdàn. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011, o tún ya bo ìlú náà. Ẹ̀mí ṣòfò, ẹ̀fẹ̀ ò wọ ibẹ̀. Mi ò sì ní dá ooru nìkan lẹ́bi. Àwọn tó kọ́lé sójú ọ̀nà omi mọ ara wọn.

Àwa ọmọ Tìmì Àgbàlé, Ọlọ́fà-iná tó tẹ Ẹdẹ dó, ẹ jẹ́ kí àwa náà má fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ọlọ́fà-iná kan ṣoṣo la ní láyé ọjọ́un, ó sì mọ ẹni tó ń ta ọfà sí. Lónìí, Amẹ́ríkà ń ta, Ṣáínà ń ta, èédú àti epo rọ̀bì ni ọfà wọn. Gáàsì ń jó fòò lápá Niger Delta. Jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé wa náà ń ta tirẹ̀, bó tilẹ̀ kéré. Abájọ tí ọdún 2024 fi gbóná ju gbogbo ọdún tí wọ́n tíì wọ̀n lọ.

Ìwọ òjò, o lè máa lọ. Ṣùgbọ́n bí o bá ń bọ̀, gbogbo ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí wọ́n jù sínú gọ́tà, jọ̀ọ́, bá wa kó o padà sí pálọ̀ ẹni tó ni ín.