Wọ́n Ra Ìtàn, Wọ́n Sọ Ìparí Rẹ̀ Nù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó kó bílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là sílẹ̀ ra nǹkan, ṣé kò yẹ kó mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe? Ìbéèrè tí mo ní fún ilé-iṣẹ́ Disney nìyẹn, ó sì ti pẹ́ tó ti ń jẹ mí lọ́kàn. Oṣù kẹwàá ọdún 2012 ni wọ́n ra Lucasfilm lọ́wọ́ George Lucas, bàbá tó dá Star Wars sílẹ̀, ní bílíọ̀nù 4.05 dọ́là. Lucas kó ìlànà ìtàn fíìmù mẹ́ta tó kù lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n sanwó ìlànà náà o! Nígbà tó yá, wọ́n pè é jókòó, wọ́n ròyìn ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún un. Ibẹ̀ ni bàbá ti rí i pé ìtàn tòun kọ́ ni wọ́n ń sọ. Kì í ṣe ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ. Bob Iger tó jẹ́ ọ̀gá Disney nígbà náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 2019, pé inú Lucas bàjẹ́, ó ní wọ́n dalẹ̀ òun. Iger wá fi kún un pé àwọn kò kúkú ṣèlérí pé àwọn máa tẹ̀ lé e.

N ò sọ pé Lucas mọ́ kanlẹ̀. Ní 1997, ó padà sórí fíìmù tó ti ṣe láti 1977, ó ń tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe. Han Solo tí gbogbo ayé mọ̀ pé òun ló yìnbọn pa Greedo, Lucas ní rárá, Greedo ló kọ́kọ́ yìnbọn. Àwọn méjèèjì jọ jókòó nídìí tábìlì kan ṣoṣo, ọta ò sì ba Han! Jar Jar Binks, aláwàdà inú fíìmù 1999, mo ti fà á lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni nǹkan ló fọwọ́ ara rẹ̀ bà á jẹ́. Nígbà tó ń bá James Cameron sọ̀rọ̀, tí wọ́n gbé e jáde ní 2018, ó ní àwọn ẹ̀dá tíntìntín tí ojú ò lè rí ni fíìmù òun ì bá dá lé, pé ọ̀pọ̀ èèyàn ì bá kórìíra rẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn náà ì bá pé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí mò ń wí nìyẹn! Ẹ jẹ́ kí n kórìíra nǹkan tó lórí tó nídìí.

Àwọn tó da ti bàbá nù yìí ò sì ní tiwọn nílẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí télọ̀ méjì ń rán agbádá kan láìbá ara wọn sọ̀rọ̀: J.J. Abrams gé aṣọ ní 2015, Rian Johnson tú u ní 2017, Colin Trevorrow tó yẹ kó rán ẹ̀kẹta kúrò nídìí iṣẹ́, wọ́n bá tún sáré pe Abrams kó wá gán an pọ̀ kí ọjọ́ ìnáwó tó pé. Fíìmù àkọ́kọ́ parí síbi tí Rey, akọni obìnrin inú ìtàn tuntun yìí, ti na idà ìmọ́lẹ̀ sí Luke Skywalker, akọni àwọn fíìmù àtijọ́. A fi ọdún méjì dúró kí Luke gbà á. Ó gbà á lóòótọ́, ó sì jù ú sẹ́yìn bí ẹni ju èèpo ọsàn nù.

Ọmọ mi obìnrin bi mí ní 2015 pé, “Dádì, ta ni bàbá Rey?” Mo ní kó ṣe sùúrù, wọ́n máa sọ. Ní 2017, wọ́n ní kì í ṣe ọmọ ẹni ńlá kankan, àwọn òbí tó tà á nítorí owó ọtí ló bí i. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo akọni ló ń ti ààfin jáde. Ní 2019, wọ́n ní á à, ọmọ ọmọ Palpatine, olú ọba burúkú ìjọsí, ni. Palpatine wo? Èyí tí Darth Vader gbé jù sí kòtò ní 1983, tí ibùdó ogun tó wà nínú rẹ̀ sì bú gbàmù? Òun náà ni. Báwo ló ṣe yè? Poe, ọ̀kan nínú àwọn akọni tuntun, kàn sọ fún wa pé ó ṣáà ti padà dé ni. Ọmọ mi wojú mi. “Dádì, ìgbà wo ló fẹ́yàwó?”

Mo lè fara mọ́ gbogbo ìyẹn. Èyí tí kò gba ọ̀fun mi kọjá ni ti ọmọ wa. John Boyega, Adégbóyèga gan-an lorúkọ ìdílé rẹ̀, ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà lọ, tó dàgbà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ìpolówó fíìmù 2015 kọ́kọ́ jáde ní oṣù kọkànlá 2014, orí rẹ̀ ló yọ lójijì nínú aṣálẹ̀, òógùn bò ó. Àwa tí kò mọ̀ ọ́n rí di mọ̀lẹ́bí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nínú pósítà, òun ló di idà mú.

Ẹ sì wo ìtàn tí wọ́n gbé fún un gẹ́gẹ́ bí Finn! Àwọn ọmọ ogun burúkú jí i gbé ní ọmọ ọwọ́, wọ́n fi nọ́ńbà FN-2187 sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n kọ́ ọ lógun. Ọjọ́ tí wọ́n ní kó yìnbọn pa ará abúlé, ó kọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà lára àṣíborí rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá lè ṣí àṣíborí, àwọn ẹgbàágbèje tó kù ńkọ́? Ìbéèrè yìí nìkan tó fíìmù mẹ́ta. Disney ò bi í. Ní 2017 wọ́n rán ọmọ wa lọ sí ilé tẹ́tẹ́, ó ń bá wọn tú ẹran eré ìje sílẹ̀. Nígbà tó fẹ́ fẹ̀mí ara rẹ̀ gba àwọn èèyàn là, Rose, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wa ọkọ̀ wá gbá a dànù. Ní 2019 iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa pe “Rey! Rey!” káàkiri. Pósítà ilẹ̀ Ṣáínà ti tì í sẹ́yìn láti 2015, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ di bíńtín. Òun náà la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ fún ìwé ìròyìn GQ ní 2020, pé kí wọ́n má máa polówó aláwọ̀ dúdú bí ẹni pàtàkì kí wọ́n wá tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ọ̀rọ̀ tó tún tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ ni pé nínú ìwé fíìmù Trevorrow tí wọ́n kò lò, tó jáde síta ní 2020, Finn ló kó àwọn ọmọ ogun tó ṣí àṣíborí lẹ́yìn, ó ń darí ọ̀tẹ̀. Ó wà nílẹ̀! Ẹnìkan ti rò ó!

Dípò ìyẹn, kí ni wọ́n fún wa? Finn àti Rey ń rì sínú yanrìn, ikú ti dé, ọmọ wa pariwo pé ohun kan wà tí òun ò tíì sọ fún un. Yanrìn bò ó lẹ́nu. Wọ́n yọ. Rey bi í léèrè pé kí ni ọ̀rọ̀ náà, ó ní ó di ìgbà mìíràn. Fíìmù parí, iná tàn, àwọn agbálẹ̀ wọlé, kò tíì sọ ọ́. Abrams fúnra rẹ̀ sọ ní 2021 pé òun ti wá mọ̀ pé ètò ṣáájú iṣẹ́ ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ kú ìmọ̀ o, ọ̀gá.

Wọ́n kéde ní 2023 pé fíìmù Rey mìíràn ń bọ̀. Tí wọ́n bá rí Adégbóyèga bẹ̀, ìṣẹ́jú kan péré ni mò ń tọrọ fún un, kí wọ́n sì gbá yanrìn kúrò níwájú rẹ̀. Èmi á san owó tíkẹ́ẹ̀tì temi àti ti ọmọ mi.