Ẹ Bá Mi Bi Bẹ́árìn Yìí Léèrè

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí i. Kí ni mo fi ṣe ọkọ̀ Micra mi? Mi ò fi kó igi rí, mi ò fi kó sìmẹ́ǹtì, ibi iṣẹ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń gbé e lọ, ìyá ìyàwó mi nìkan ló sì wúwo nínú gbogbo ẹni tó ti jókòó síwájú rẹ̀ (mo mọ̀ pé ẹ ò ní sọ fún wọn). Síbẹ̀, ọkọ̀ yìí jí lọ́jọ́ kan, ó ní òun fẹ́ máa kùn. Tí mo bá rọra ń lọ, kò ní fọhùn. Kí n sáré díẹ̀ báyìí, húùùùn! Kí n tún tẹná sí i, HÚÙÙÙÙN! Mo gbé ohùn rédíò sókè, òun náà gbé tirẹ̀ sókè.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti ní ọkọ̀ rí yóò jẹ́rìí mi pé àrùn yìí kò ṣòro láti mọ̀. Bí ẹ bá yí ọwọ́ sí òsì tí ariwo náà pọ̀ sí i, bẹ́árìn ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ti bàjẹ́, nítorí apá ibẹ̀ ni gbogbo ọkọ̀ ń fara tì nígbà náà. Mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún mẹkáníìkì. Ṣé ó gbọ́? "Ọ̀gá, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ́ńjìnnì sítì ni." Ó pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì sítì, húùùn. Ó ní táyà ni, mo ra táyà, húùùn. Ó ní ṣọ́ọ̀kì ni, ẹ̀yin náà ẹ mọ iye tí wọ́n ń ta ṣọ́ọ̀kì, húùùùn! Ìgbà tí kò rí nǹkan mìíràn tí yóò ní kí n rà mọ́, ó họrí, ó ní, "Ọ̀gá, ó jọ pé bẹ́árìn ni o." Ó jọ! Ó wá mú òòlù, ó fi gbá bẹ́árìn tuntun wọlé, gbàà, gbàà, gbàà, mo dúró tì í, àyà mi ń já.

Òòlù kẹ̀! Bẹ́árìn kì í ṣe ìṣó. Òrùka irin méjì ni, ọ̀kan níta, ọ̀kan nínú, àwọn irin róbótó wà láàrin wọn tí wọ́n ń yí nínú gírísì. Tí ẹ bá ń tì í wọ inú irin tó máa gbé e, òrùka ìta lẹ máa tẹ̀. Tí ẹ bá wá ń ti họ́ọ̀bù wọ inú rẹ̀, òrùka inú lẹ máa gbé ró. Tí ẹ bá ṣì í ṣe, àwọn irin róbótó yẹn ni yóò jẹ gbogbo ìyà náà, wọn yóò dá àpá sójú ibi tí wọ́n ń yí lé, kíkùn yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Ó sì tún bẹ̀rẹ̀! Mo padà lọ bá ọ̀gbẹ́ni yìí. Ó ní títì ló fà á.

Ká sòótọ́, títì náà jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀ nílùú Ìbàdàn kí ẹ wá wo kòtò tó ti di odò, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á rì sínú rẹ̀, omi àti yanrìn á wá ọ̀nà gba etí rọ́bà tó bo bẹ́árìn wọlé, wọ́n á fọ gírísì dànù, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin. Mo gbọ́ pé àwọn oníròyìn ọkọ̀ ní Yúróòpù dìbò, wọ́n fi Micra jẹ ọkọ̀ ọdún 1993, òun sì ni ọkọ̀ Japan àkọ́kọ́ tó jẹ irú oyè bẹ́ẹ̀. Gbogbo àwọn tó dìbò yẹn, ta ló wà nínú wọn tó wakọ̀ gba iwájú ilé mi rí?

Bí mo ṣe pinnu nìyẹn pé ilé ni màá ti ṣe é fúnra mi. Mo gba ọjà Ararọ̀mí lọ, ní Gẹ́ètì. "Orijínà ni, àbí Táíwàn, àbí Ṣáínà, àbí tòkunbọ̀?" Ẹ gbọ́ ná, bẹ́árìn tòkunbọ̀! Èyí tí ẹnì kan ti lò lókè òkun títí ó fi rẹ̀ ẹ́, tó wá wọkọ̀ ojú omi wá sí Ìbàdàn kó lè wá kú sí mi lọ́wọ́! Mo ní orijínà. Ọmọkùnrin náà gbé e sí mi létí, ó yí i, ó ní, "Ẹ gbọ́?" Mo ní mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn. Láàrin ariwo ọjà, tí wọ́n ń lu irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ta ló fẹ́ gbọ́ nǹkan kan?

Ẹ jẹ́ ká dé orí nọ́ọ̀tì ńlá tó wà láàrin ẹsẹ̀ náà. Mo yọ píìnì ẹnu rẹ̀, mo fi sípánà bọ̀ ọ́, kò mira. Mo da kẹrosíìnì sí i, kò mira. Mo fi páìpù mú ọwọ́ sípánà gùn, mo gun orí páìpù, mo ń fò sókè sódò níwájú gbogbo àdúgbò, àwọn ọmọdé ń pàtẹ́wọ́, ìyàwó mi jókòó sínú ọkọ̀, ó tẹ bíréèkì, ó ń pariwo pé, "Dádì Tólú, ṣé kí n ṣì tẹ̀ ẹ́? Ọbẹ̀ mi ń jóná o!", aládùúgbò kan tí kò ní ọkọ̀, tí kò tiẹ̀ ní kẹ̀kẹ́, ń sọ fún mi pé ọwọ́ òsì ló yẹ kí n fi dì í mú, Bàbá onílé sì yọ sí mi lójú fèrèsé, ó ní ṣé gáréèjì ni òun fi háyà fún mi, pé epo yóò ba sìmẹ́ǹtì òun jẹ́, bẹ́ẹ̀ òkú ọkọ̀ 504 tirẹ̀ wà nínú ọgbà yẹn tí koríko ti gba ìjókòó dírẹ́bà, ìgbà tí nọ́ọ̀tì sì tú lójijì, èmi àti páìpù la jọ dé ilẹ̀!

Họ́ọ̀bù jáde, àmọ́ òrùka inú ti bẹ́árìn àtijọ́ lẹ̀ mọ́ ọn lára, àfi kí a fi ẹ̀rọ gé e. Mo gbé ẹ̀rọ, mo tẹ bọ́tìnnì, wọ́n mú iná lọ. Ṣé wọ́n ń ṣọ́ mi ni? Ìgbà tí wọ́n mú un padà, mo gé e. Òrùka pẹlẹbẹ tó yẹ kó dá bẹ́árìn dúró náà ńkọ́? Àwòrán rẹ̀ wà lára páálí tí mo rà, òun fúnra rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Mo ní ó dáa, mo wá ti àtijọ́, kò sí níbi tí mo gbé e sí. Ọmọ kékeré kan nílé kejì ti fi ṣe ẹ̀gbà ọwọ́! Mo gbà á, ó fi igbe ta, ìyá rẹ̀ sáré jáde, ó ní ṣé mi ò lójú àánú ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe fi irin gígùn onínọ́ọ̀tì rọra fa bẹ́árìn tuntun wọlé, láìlo òòlù, mo dè é pa, mo sì gbé ọkọ̀ jáde láti dán an wò. Kò kùn mọ́! Kí n tó jáde ládùúgbò, ìyá kan nawọ́ sí mi, nítorí ní ìlú tí mò ń gbé yìí, wọn kì í wò ó bóyá Micra ní ọ̀dà táásì lára. Ó ti jókòó, ó ti to iṣu sẹ́yìn, ó ní "Dírẹ́bà, Mọ́kọ́lá." Ó wo aṣọ mi, ó wo ojú mi tó kún fún gírísì, ó pòṣé. "Ẹ̀yin onímọ́tò yìí náà! Owó lẹ mọ̀ ọ́n gbà. Ẹ kì í tún ọkọ̀ ṣe."

Ó bọ́ sílẹ̀ ní Mọ́kọ́lá, ó yọ owó tí kò tó owó ọkọ̀ fún mi, ó ní kí n jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

Mo gbà á. Ẹ̀yin náà ì bá gbà á.