Ẹ̀rọ Ìkàwé Tí Kò Gba Síìmù

Láàárọ̀, nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Peckham Rye lọ sí London Bridge, kò sẹ́ni tó ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnì kan. Bí ẹ bá fa ewúrẹ́ wọlé, wọ́n á sún fún un díẹ̀, wọ́n á sì máa wo fóònù wọn lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹ bá yọ ẹ̀rọ ìkàwé jáde: wọn ò rí yín, ẹ ò rí wọn. Ẹ wá gbé ẹ̀rọ yẹn kan náà wọ ọkọ̀ akérò ní Abẹ́òkúta. Ẹ ò ní tíì ka ìlà kan tán tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín á fi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, fóònù wo rèé? Ṣé ó ń gba síìmù?" Kì í gba síìmù. "Ó ń ya fọ́tò?" Kì í ya fọ́tò. "WhatsApp ńkọ́?" Kò sí WhatsApp níbẹ̀. Ìwé ni wọ́n fi ń kà. "Ìwé nìkan?" Á wo ẹ̀rọ náà látòkèdélẹ̀, á wá wo ẹ̀yin náà látòkèdélẹ̀.

Lójú tèmi, ọ̀gbẹ́ni yẹn gbọ́n ju àwọn tó ń kọ ìpolówó ọjà lọ. "Ìwé nìkan?" ló yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ náwó sórí nǹkan yìí kọ́kọ́ bi ara rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ máa wo fíìmù, kí ẹ sì máa rí àwòrán ìyàwó tí ọmọ àbúrò yín gbé, tábúlẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ lọ rà. Bó bá jẹ́ ìwé nìkan ni, ẹ jẹ́ ká jọ máa lọ.

Ojú ẹ̀rọ náà ni iṣẹ́ wà. Tàdáwà gidi ló wà níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n sì dá ilé iṣẹ́ E Ink sílẹ̀ lórí rẹ̀ ní 1997. Àwọn àpò tíntìntín tí ojú lásán ò lè rí ni wọ́n tò sábẹ́ gíláàsì. Ìyẹ̀fun funfun àti ìyẹ̀fun dúdú ló wà nínú wọn, agbára iná tó wà lára ọ̀kan sì jẹ́ òdì kejì ti èkejì. Bí iná bá fa funfun sókè, ibẹ̀ á dà bíi bébà. Bó bá fa dúdú sókè, lẹ́tà á jáde. Ibi tó bá fi wọ́n sí, ibẹ̀ ni wọ́n máa wà. Iná ò tún níṣẹ́ kankan tí yóò ṣe sí wọn àfìgbà tí ẹ bá ṣí ojú ìwé mìíràn. Ìdí nìyẹn tí bátìrì rẹ̀ fi ń lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kó tó béèrè cháájà. Ojú ẹ̀rọ yìí kì í sì í ta ìmọ́lẹ̀ síni lójú bíi ti fóònù. Ìmọ́lẹ̀ tó bá bọ́ sórí rẹ̀ la fi ń kà á, nítorí náà bí oòrùn bá ṣe ń mú tó ni lẹ́tà rẹ̀ ṣe ń hàn tó.

Ẹ wá bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀rọ tí oòrùn ò lè ba ojú rẹ̀ jẹ́, tí àìsí iná kò sì lè pa kú, àwa ará London ni wọ́n ń tà á fún. Oòrùn London a máa yọjú bí ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sílé: ó wọlé, ó mú un, ó ti jáde. Iná ńkọ́? Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú ọba, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rántí tí iná lọ, gbogbo àdúgbò sì jáde síta, wọ́n ń wo ara wọn. Àwọn tó nílò bátìrì ọlọ́sẹ̀ mẹ́rin wà ní Ìbarà ní Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn ọmọdé ṣì ti ń pariwo "Up NEPA!" nígbà tí iná bá dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé NEPA fúnra rẹ̀ ti kógbá sílé tipẹ́. Ara ẹ̀rọ yìí, ará ilé ni. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ nìkan ló jẹ́ ti òkè òkun, ibẹ̀ ni wàhálà sì ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá mi ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Wọ́n ní lẹ́tà inú ìwé ti ń sá fún àwọn, àti pé àwọn gbọ́ pé nǹkan kan wà tí wọ́n fi ń sọ lẹ́tà di ńlá.

"Eélòó ni wọ́n ń tà á?"

"Kò tó ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn, sà."

Wọ́n dákẹ́. Ẹni tó bá ní òbí nílé mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn: owó pọ́n-ùn ni wọ́n ń sọ di náírà.

"Ìyẹn mà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó igba ẹgbẹ̀rún! Ṣé yóò máa bá mi pọnmi ni?"

"Kò ní pọnmi, sà."

Ká sọ tòótọ́, owó rẹ̀ ti já wálẹ̀ púpọ̀. Nígbà tí Amazon gbé Kindle àkọ́kọ́, ẹ̀rọ ìkàwé tiwọn, jáde ní oṣù kọkànlá 2007, 399 dọ́là ni, síbẹ̀ ó tán lórí àtẹ kí wákàtí mẹ́fà tó pé. Èyí tó kéré jù nínú wọn tó jáde ní 2024, 94.99 pọ́n-ùn ni wọ́n kọ sí i nílùú ọba. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún iye yẹn o. Èyí tó ní ìpolówó ọjà lójú ni: nígbàkigbà tí ẹ̀rọ bá sùn, àwòrán ìwé tí wọ́n fẹ́ kí ẹ rà ló máa gba ojú rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ á fi pọ́n-ùn mẹ́wàá lé e. Àwọn òyìnbó ẹlẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́ ń san án kíákíá, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ìyọlẹ́nu. Mo ṣàlàyé fún Bàbá, wọ́n ní kí n tún un sọ, torí ó jọ pé àwọn ò gbọ́ dáadáa. "Pé kí n sanwó kí wọ́n má fi àwòrán hàn mí?" Ní ìlú tí wọ́n ti ń polówó àgbo jẹ̀dí nínú ọkọ̀, tí wọ́n ń polówó ilẹ̀ títà níbi ìsìnkú, pọ́n-ùn mẹ́wàá yẹn ò lè kúrò lápò ẹnikẹ́ni.

Èmi àti Bàbá la fẹ́ ra ẹ̀rọ, bí a ṣe ń wá a kiri la rí i pé ohun tí mo nílò kọ́ ni wọ́n nílò. Èmi, yíyá ni mo ń yá ìwé. Káàdì láíbìrì káńsù kì í náni ní kọ́bọ̀, a sì lè fi yá ìwé orí ẹ̀rọ láti orí ibùsùn ẹni nípasẹ̀ áàpù Libby. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa ti ń bọ́ sí kòtò rèé: Kindle tó wà ní Amẹ́ríkà ń gba ìwé láíbìrì lọ́dọ̀ Libby, èyí tó wà ní Britain kì í gbà á. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Houston á ní kí ẹ ra Kindle, pé láíbìrì ni òun fi ń ka gbogbo ìwé òun lọ́fẹ̀ẹ́. Òótọ́ ló ń sọ, ṣùgbọ́n òótọ́ Houston ni. Kobo ti Kánádà, tó wà lábẹ́ Rakuten ti Japan, ló ní ọ̀nà láíbìrì nínú níhìn-ín. Owó rẹ̀ ju ti Kindle kékeré lọ díẹ̀, ẹ̀rọ Clara BW wọn sì lè bọ́ sómi kó má kú. Ẹni tó bá ń yá ìwé méjì lóṣù á ti rí owó yẹn gbà padà kí ọdún tó yípo. Òun ni mo rà.

Ìwé tí ẹ bá yá bẹ́ẹ̀, bó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, á ká ara rẹ̀ nílẹ̀, á lọ. Kò sí ẹ̀bẹ̀, kò sí owó ìtanràn. Mo rántí Ó Le Kú tèmi, ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá tó jáde ní 1974, tí ọ̀rẹ́ mi kan yá ní yunifásítì "fún alẹ́ òní péré". Ọ̀rẹ́ náà ti ní ọmọ mẹ́rin báyìí, ó ti di pásítọ̀, ó sì ń wàásù nípa jíjẹ́ olóòótọ́. Ìwé mi ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Àmọ́ ẹ má tíì máa yin òyìnbó. Ní oṣù keje 2009, Amazon yọ ìwé 1984 tí George Orwell kọ kúrò nínú Kindle àwọn tó ti sanwó rẹ̀, torí ẹni tó gbé e sórí àtẹ wọn kò ní ẹ̀tọ́ sí i. Wọ́n dá owó padà, ọ̀gá wọn Jeff Bezos sì bẹ̀bẹ̀. Nílé, ẹni tó yá ìwé yín ni kì í dá a padà. Lókè òkun, ẹni tó tà á fún yín gan-an ló lè wá gbé e lóru.

Ti Bàbá le ju tèmi lọ, torí Yorùbá ni wọ́n fẹ́ máa kà. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan ní àárín ìgboro London, mo ní kí ọmọkùnrin tó ń tajà bá mi ṣí fáìlì Bíbélì Yorùbá tí mo gbé dání sórí ẹ̀rọ tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún ìdánwò. Ó ṣí i. Orí kìíní Jẹ́nẹ́sísì jáde, àpótí onígun mẹ́rin ló sì kún ibẹ̀: lẹ́tà kan, àpótí kan, lẹ́tà méjì, àpótí. Àmì ohùn míì ti fo orí ọ̀ sílẹ̀, ó lọ jókòó sórí r. Ọmọ náà wò ó, ó ní ṣé bí èdè náà ṣe rí nìyẹn. Mo ní rárá o.

Ohun tó fà á ni pé ẹ́ tàbí ọ̀ ń ru ẹrù méjì lẹ́ẹ̀kan náà, àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè, kò sì sí kóòdù kan ṣoṣo nínú Unicode, ètò kóòdù lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà, tó kó méjèèjì pọ̀. Irú lẹ́tà tó wà nínú ẹ̀rọ ló gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń to àmì léra, ọ̀pọ̀ ni kò sì mọ̀ ọ́n. Oògùn rẹ̀ ò wọ́n rárá. Ẹ gba irú lẹ́tà tó mọ iṣẹ́ yìí, Gentium tàbí Noto Serif, lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ fi wáyà so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì jù ú sínú fódà tó ń jẹ́ fonts. Kindle gbà á, Kobo náà gbà á. Àwọn àpótí á pòórá.

Ìyẹn jẹ́ ti fáìlì EPUB, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ń ṣàn, tí a lè sọ lẹ́tà rẹ̀ di ńlá. Kindle kì í dìídì ṣí EPUB fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n láti 2022 ni Amazon ti ń gbà á wọlé tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí i. PDF tí wọ́n ya látinú ìwé àtijọ́ ni ẹ jìnnà sí. Ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tó jáde ní 1921, wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Internet Archive. Mo gbé e sórí ẹ̀rọ oníínṣì mẹ́fà, lẹ́tà rẹ̀ kéré débi pé awò ojú mi gan-an ń wá awò. Èyí tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó láti gba irú ìwé bẹ́ẹ̀, bíi Kindle Scribe, ju ọ̀ọ́dúnrún pọ́n-ùn lọ. Ní iye yẹn, ó yẹ kó máa pọnmi.

Kindle kékeré ni mo rà fún Bàbá níkẹyìn. Ó ní ìmọ́lẹ̀ kékeré tirẹ̀ fún alẹ́ tí iná bá lọ, 158 gíráàmù péré ló wọ̀n, mo sì lè jókòó sí Peckham kí n máa fi ìwé ránṣẹ́ sí i. Bí wọ́n bá ti tan hotspot fóònù wọn, ìwé á wọlé. Ríra ìwé látilé ni kò rọrùn. OkadaBooks tí Okechukwu Ofili dá sílẹ̀ ní 2013, tó jẹ́ ibi tí a ti ń rí ìwé ọmọ Nàìjíríà rà ní owó pọ́ọ́kú, ti kógbá sílé ní oṣù kọkànlá 2023. Amazon ò sì ní ṣọ́ọ̀bù Kindle tó jẹ́ ti Nàìjíríà. Àdírẹ́sì mi àti káàdì báǹkì mi la fi forúkọ ẹ̀rọ sílẹ̀. Bàbá mi ò gba fisà rí láyé wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wọn ń gbé ní Peckham, ó sì ti ní póòsìkóòdù.

Ẹni tó bá fẹ́ ra àlòkù, kí ó rí i pé ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, kí ó sì yẹ ojú rẹ̀ wò níbi tó mọ́lẹ̀, torí ojú tó bá sán, iye tí wọ́n á fi pààrọ̀ rẹ̀ sún mọ́ iye tuntun. Kí ó má sì tì í bọ inú àpótí tí èlùbọ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Bàbá ti ń lò ó. Ìpolówó náà dùn mọ́ wọn, wọ́n máa ń pè mí lórí fóònù láti bi mí pé ta ni obìnrin tó wà lójú ẹ̀rọ láti àná. Màmá ló ń ráhùn: wọ́n ní àwọn ń pe ọkọ àwọn, kò dáhùn mọ́. Wọ́n wá ní kí n ra tiwọn náà, ṣùgbọ́n èyí tí yóò máa ka ìwé náà sókè ni kí n wá, kí àwọn máa gbọ́ ọ bí àwọn bá ń rokà.

Mo ní, "Màmá, ìyẹn ti wà nílé tipẹ́. Rédíò lorúkọ rẹ̀."

"Rédíò tèmi ò ti London wá," ni wọ́n wí. "Kindle ni kí o fi ránṣẹ́."