Ọmọ Tí A Kọ́, Ilé Tí A Kò Fi Lé E Lọ́wọ́

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Kò sí àjọ olóore kan lágbàáyé tí kì í pa òwe yìí, bí kò tilẹ̀ gbọ́ Yorùbá. Ẹni tó bá dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́ nọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá gbẹ́ kànga gbọ́dọ̀ kọ́ ẹni tí yóò máa tún un ṣe. Ẹni tó bá kó kọ̀ǹpútà fún iléeṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ kọ́ akọ̀wé ibẹ̀, kí iṣẹ́ má bàa dojú dé lọ́jọ́ tí jíìpù funfun àwọn àlejò bá ṣẹ́rí padà sí pápákọ̀ òfurufú. Bí àwọn àgbà ṣe pa á nìyẹn, òótọ́ sì ni. Ohun tí wọn kò rò ni pé ìran kan ń bọ̀ tí yóò máa kọ́ ọmọ láti òwúrọ̀ dalẹ́, tí yóò máa ka iye ìgbà tó kọ́ ọ, tí kọ́kọ́rọ́ ilé yóò sì wà lápò olùkọ́ títí.

Ọdún 1949 ni ètò ìkọ́ni yìí gbérasọ. Ní ogúnjọ́ oṣù kìíní ọdún náà, níbi ìbúra-wọlé rẹ̀, Ààrẹ Harry Truman ti Amẹ́ríkà ka kókó mẹ́rin tí ìjọba rẹ̀ yóò dojú kọ lókè òkun. Ẹ̀kẹrin ni pé kí wọ́n máa pín ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ẹ̀rọ fún àwọn orílẹ̀-èdè tí kò tíì ní in. Kò pẹ́ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé náà fi gbé irú rẹ̀ kalẹ̀. Nígbà tí òmìnira ń dé sí Áfíríkà ní àwọn ọdún 1960, ìlànà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀: ògbóǹtarìgì kan yóò ti òkè òkun wá, wọn yóò fi òṣìṣẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ kan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó máa wò ó lọ́wọ́, bí ọdún mélòó kan bá pé, àlejò yóò padà sílé, ọmọ ìbílẹ̀ yóò sì bọ́ sórí àga.

Ó dùn lórí ìwé. Nínú ọ́fíìsì, ògbóǹtarìgì ní ìjábọ̀ tó gbọ́dọ̀ parí kí oṣù tó tán, kò sì sí àyè fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ láti kọ́kọ́ bà á jẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ló bá ń ṣe é fúnra rẹ̀. Kí ọmọ ìbílẹ̀ má bàa máa jókòó lásán, wọ́n á fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ rán an lọ sílẹ̀ òkèèrè. Ìgbà tí yóò fi gboyè dé, àjọ mìíràn ti fi owó oṣù tó ju ti ìjọba lọ gbà á. Ògbóǹtarìgì tuntun á dé, wọ́n á tún wá ẹni tí yóò máa wò ó lọ́wọ́. Lọ́dún 1993, ìwádìí kan tí Elliot Berg ṣaájú fún UNDP, ẹ̀ka ìdàgbàsókè Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, wo gbogbo èyí, ó sì sọ ọ́ láìfi bọpobọyọ̀: ọ̀nà yìí kò mú agbára tó dúró jáde, pàápàá jù lọ ní Áfíríkà. Ohun tó tẹ̀lé e ní ọ̀pọ̀ ibi ni pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí i.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀hún ti ní ìrísí tirẹ̀ tí kì í yàtọ̀ láti ìlú kan sí òmíràn. Gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì ni. Báńà gígùn kan á wà lára ògiri, tí àmì ìdánimọ̀ àwọn olùrànlọ́wọ́ yóò gba ìdajì rẹ̀. Aago mẹ́sàn-án ló wà nínú ìwé ìpè. Aago mẹ́wàá ààbọ̀ ni àdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Ìdánwò kékeré kan á wáyé kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, òmíràn á wáyé nígbà tó bá parí, ìbéèrè kan náà sì ni, kí ìjábọ̀ lè sọ pé ìmọ̀ gbèrú. Tíì á wà, ìrẹsì á wà. Lẹ́yìn ìrẹsì, wọ́n á ní kí gbogbo èèyàn dìde pàtẹ́wọ́ kí oorun lè dá lójú wọn. Owó ọkọ̀ àti owó ìsùn kì í jáde àfi lọ́sàn-án ọjọ́ ìkẹyìn, nítorí àwọn tó ṣètò mọ bí àga yóò ṣe ṣófo tó bí wọ́n bá san án lọ́jọ́ kìíní. Ìwé ẹ̀rí ló kàn, lẹ́yìn rẹ̀ ni fọ́tò àpapọ̀. Àádọ́ta èèyàn ló wọlé, àádọ́ta ni wọ́n ti ró lágbára. Nọ́ńbà náà á sì ti dé Washington tàbí Brussels kílẹ̀ tó ṣú.

Nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó ilé ìwòsàn abúlé lè lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ti ibà lọ́sẹ̀ yìí, kó lọ sí ti ikọ́ fée lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ti oúnjẹ ọmọdé tẹ̀lé e, kí àgádágodo sì máa wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn ní gbogbo àsìkò tí wọ́n fi ń kọ́ ọ bí a ṣe ń tọ́jú aláìsàn. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ láti Norway ṣe ní Ethiopia, Malawi àti Tanzania, tó jáde lọ́dún 2012, fi hàn bí owó ìjókòó àti owó ìrìnàjò ṣe ti di apá gbòógì lára ohun tí òṣìṣẹ́ ìjọba fi ń gbọ́ bùkátà. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò dé ọ̀sẹ̀ kejì yóò lọ síbi tí wọ́n bá ti ń sanwó fún ìjókòó.

Lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Ìbàdàn, ìjábọ̀ pé àádọ́ta èèyàn jókòó, wọ́n sì ti mọṣẹ́, á pa àwọn oníbàárà lẹ́rìn-ín. Ọmọ iṣẹ́ níbẹ̀ á kọ́kọ́ máa fi epo fọ nọ́ọ̀tì, á máa gbé sípánà lé ọ̀gá lọ́wọ́, títí di ọjọ́ tí ọ̀gá bá rìnrìn àjò tí ọkọ̀ ẹnì kan sì dákú sẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ yẹn ló ń tú ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀; bó bá bà á jẹ́, òun àti ọ̀gá ni yóò jọ gba èébú. Nígbà tó bá ṣe fúrídọ̀mù, wọ́n á gbàdúrà fún un, á palẹ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́, á sì lọ wá ìsọ̀ tirẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, owó tó bá wọlé, tirẹ̀ ni. Ìtìjú tó bá wọlé, tirẹ̀ náà ni. Iṣẹ́ ìdàgbàsókè mú àdúrà àti fọ́tò fúrídọ̀mù nínú gbogbo èyí, ó sì fi ìyókù sílẹ̀.

Bí èèyàn bá ń wá ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà gan-an, kó wo ọ́fíìsì kejì. Nítorí pé iṣẹ́ ìjọba ń falẹ̀, tí owó olùrànlọ́wọ́ sì ní ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ tán, wọ́n máa ń dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mínísírì, tó ní jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀, ọkọ̀ tirẹ̀, akápò tirẹ̀ àti owó oṣù tirẹ̀. Akáǹtà tó mọṣẹ́ jù ní mínísírì ni wọ́n ń kọ́kọ́ fà síbẹ̀. Wọ́n á wá kọ ọ́ sínú ìwé pé mínísírì kò ní akáǹtà tó mọṣẹ́, wọ́n á sì wá owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún un. Ní oṣù kẹta ọdún 2005, àwọn ìjọba tó ń fúnni àti àwọn tó ń gbà péjọ sí Paris, wọ́n fọwọ́ sí i pé irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ìdá méjì nínú mẹ́ta dín kù kó tó di 2010. Nígbà tí OECD, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè olówó, ṣe ìṣirò lọ́dún 2011, àfojúsùn kan ṣoṣo ni wọ́n bá nínú 13, díẹ̀ báyìí ni wọ́n sì fi bá a. Àfojúsùn ọ̀hún ni pé kí àwọn olùrànlọ́wọ́ ṣe ìrànwọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ wọn ní ìṣọ̀kan. Wọ́n ti fìmọ̀ ṣọ̀kan lórí ìkọ́ni. Ti kọ́kọ́rọ́ ló kù.

Nígbà mìíràn, ẹ̀rọ ni wọ́n máa ń fi rọ́pò ọmọ. PlayPump, tó ti South Africa jáde, jẹ́ ohun ìṣeré tó ń yí po. Bí àwọn ọmọdé bá ń ṣeré lórí rẹ̀, á máa fa omi láti inú ilẹ̀ sínú táǹkì kan tí pátákó ìpolówó yí ká. Lọ́dún 2006, ìjọba Amẹ́ríkà àti àwọn alábàáṣe rẹ̀ kéde mílíọ̀nù 16.4 dọ́là fún un, pẹ̀lú ìrètí pé ẹ̀rọ 4,000 yóò ti wà nílẹ̀ kó tó di 2010. Ẹnikẹ́ni tó bá ti pọnmi rí ì bá bi wọ́n pé: ta ni yóò máa ṣeré ní aago márùn-ún ìdájí? Àwọn obìnrin ni. Ní Mozambique àti Malawi, àwọn ìyá àti ìyá àgbà tẹ̀ ba, wọ́n ń fi ọwọ́ ti ohun ìṣeré ọmọdé yí po nínú oòrùn kí garawa tó kún. Láwọn ibòmíràn, ẹ̀rọ àfọwọ́fà tó ń fún wọn lómi kíá tẹ́lẹ̀ ni wọ́n hú kúrò kí wọ́n tó rí àyè gbé tuntun sí. Bó bá bàjẹ́, nọ́ńbà kan wà tí abúlé yóò pè. Ẹni tó lè tún un ṣe wà lọ́nà jíjìn, oṣù sì lè máa gorí oṣù. Lọ́dún 2010, Case Foundation, tó wà lára àwọn tó náwó sí i, gbà ní gbangba pé ọ̀rọ̀ kò rí bí àwọn ti rò.

Ẹ̀rọ omi mìíràn, Afridev, ti wà láti àwọn ọdún 1980. Wọ́n ṣe é kí ará abúlé, ọkùnrin tàbí obìnrin, lè fi sípánà kan ṣoṣo tú u kó sì tún un ṣe. Kò sí ọmọdé tó ń fò sókè nínú fọ́tò rẹ̀, bóyá ìdí nìyẹn tí òkìkí rẹ̀ kò fi kàn. Òun náà kò bọ́ ṣá. Rọ́bà inú rẹ̀ máa ń jẹ. Bí kò bá sí ìsọ̀ tó ń ta rọ́bà nítòsí, ìgbìmọ̀ omi tí wọ́n kọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò ní ohun tí yóò fi ìmọ̀ rẹ̀ ṣe. Ìṣirò tí RWSN, àjọ àwọn tó ń rí sí omi ìgbèríko, gbé jáde lọ́dún 2009 fi hàn pé nínú ẹ̀rọ àfọwọ́fà mẹ́ta ní gúúsù Sàhárà, ó ju ẹyọ kan lọ tó ti dákẹ́.

Ní Kabul, wọ́n kọ́ ọmọ, ó mọ̀ ọ́n, wọ́n sì gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn awakọ̀ òfurufú àti atúnṣe Afghanistan ti mọ hẹlikópítà Mi-17 ti Rọ́ṣíà. Àwọn fúnra wọn ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú àtúnṣe rẹ̀. Láti ọdún 2017, Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi Black Hawk, tí wọ́n ń ṣe lọ́dọ̀ tiwọn, rọ́pò rẹ̀. Àtúnṣe ti ìyẹn le, àwọn agbaṣẹ́ṣe òkèèrè ló sì ń ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀. Ọ̀jáfáfá ọmọ iṣẹ́ di ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ láti kíláàsì kìíní. SIGAR, ọ́fíìsì tí Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ láti máa ṣọ́ owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀, kìlọ̀ títí. Nígbà tí àwọn agbaṣẹ́ṣe kó ẹrù wọn lọ́dún 2021, àtúnṣe bá wọn lọ, nígbà tó sì di oṣù kẹjọ, Taliban wọ Kabul. Oṣù yẹn kan náà ni SIGAR gbé ìṣirò jáde: bílíọ̀nù 145 dọ́là ni Amẹ́ríkà ti ná sórí àtúnkọ́ orílẹ̀-èdè náà láàárín ogún ọdún.

Ẹ̀kọ́ tó dúró kò ṣàìsí. Ní ogúnjọ́ oṣù keje ọdún 2014, arìnrìn-àjò kan tó ní Ẹ̀bólà gúnlẹ̀ sí Èkó láti Liberia. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, wọn kò jẹ́ kó kúrò ní ilé ìwòsàn. Àrùn náà ló sì pa dókítà ọ̀hún. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n gbé ibùdó ìdarí pàjáwìrì kalẹ̀, ní àwòkọ èyí tí wọ́n ti ń lò láti ọdún 2012 fún àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Inú iṣẹ́ rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni wọ́n ti mú Dókítà Faisal Shuaib tó darí rẹ̀. Àwọn kan lára àwọn tó ń tọpa àrùn náà ti gba ètò ẹ̀kọ́ kan kọjá tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2008, tí èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún méjì rẹ̀ jẹ́ lílé àjàkálẹ̀ àrùn gidi káàkiri. Àwọn 894 tó ti bá aláìsàn pàdé ni wọ́n tọpa wọn, wọ́n sì kanlẹ̀kùn ilé ní nǹkan bí ìgbà 18,500. Àwọn tó ní àrùn kò ju 20 lọ, mẹ́jọ kú nínú wọn, nígbà tó sì di ogúnjọ́ oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Owó òkèèrè wà nínú rẹ̀ dáadáa, olùkọ́ òkèèrè náà wà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àwọn tí wọ́n kọ́ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún di iṣẹ́ mú fúnra wọn: wọ́n ti pàdánù ọmọdé sọ́wọ́ àrùn, àwọn abúlé ti lé wọn, ìwé ìròyìn ti bú wọn.

Ìdánwò tó le jù dé lọ́dún 2025. Láti ọdún 1984 ni USAID, àjọ ìrànwọ́ òkèèrè ìjọba Amẹ́ríkà, ti ń náwó sórí ìwádìí tí wọ́n ń pè ní DHS, tó ń lọ láti ilé dé ilé láti bi àwọn ìyá léèrè iye ọmọ tí wọ́n bí, iye tó kú àti abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n gbà. Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí Èkìtì ṣì wà nínú rẹ̀ nígbà náà, ṣe tirẹ̀ lọ́dún 1986, ti gbogbo Nàìjíríà sì tẹ̀lé e ní 1990. Àwọn orílẹ̀-èdè tó ti ṣe é ju 90 lọ. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kó àwọn tó ń béèrè ọ̀rọ̀ jọ, wọ́n á kọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á sì kọ́ àwọn ọ̀gá wọn ní ọ́fíìsì ìkànìyàn. Àkójọ ìdáhùn gbogbo orílẹ̀-èdè wọ̀nyẹn wà lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe kan ní Maryland, lọ́dọ̀ rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń gba ìrànwọ́ lórí bí wọ́n ṣe ń yan ilé tí wọn yóò wọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń to ìdáhùn. Ní oṣù kejì ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà fagi lé iṣẹ́ náà. Àwọn ìwádìí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ dúró gbagidi, àwọn olùwádìí tuntun tó fẹ́ ka ìdáhùn inú àkójọ náà kò sì rí ọ̀nà wọlé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje, USAID fúnra rẹ̀ kógbá wọlé. Kì í ṣe ọmọ tí wọn kò kọ́ ló gbé ilé tà. Bàbá onílé tó ń kọ́ni láti ogójì ọdún ló tà á, àwọn ọmọ wà níta pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí wọn. Owó tí wọ́n fi parí díẹ̀ lára àwọn ìwádìí tó dúró sójú ọ̀nà wá láti ọ̀dọ̀ Gates Foundation, ní Seattle.