Alágbẹ̀dẹ Orí Fóònù

Àwọn àgbà ní alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Nígbà tí alágbẹ̀dẹ ń lu irin ni wọ́n pa òwe yẹn. Alágbẹ̀dẹ tòde òní kì í lu irin mọ́, fóònù ló ń lù, ojú kan náà ló sì ń tẹ̀ tọ̀sán tòru: ibi tí wọ́n kọ “Rà á báyìí” sí. Òwe ò kúkú parọ́. Òun náà ní ohun tó ń fà yọ níbẹ̀. Owó oúnjẹ ilé ni.

Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Bọ̀dá Irinṣẹ́. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Wọ́n wà ní Ìkòròdú, wọ́n wà ní Bódìjà, wọ́n sì ní àbúrò ní Peckham àti Houston tí àìsàn kan náà ń ṣe. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni Bọ̀dá Irinṣẹ́ ń ṣe. Ohun tó wúwo jù tó ń gbé láàárọ̀ kò ju báàgì kọ̀ǹpútà lọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan, dípò kó sùn, ó ń wo fídíò òyìnbó kan tó fi sípíríìn mọ́tò àlòkù rọ ọ̀bẹ. Iná pọ́n, òòlù ń dún, ọ̀bẹ yọ, ó ń dán yanran. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Gbogbo ọdún tí òyìnbó náà fi kọ́ṣẹ́, wọ́n ti gé e kúrò nínú fídíò. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Bọ̀dá ti pinnu pé gáréèjì ilé òun yóò di ilé iṣẹ́ irin. Láti ọjọ́ náà ni mọ́tò ti di ará ìta.

Ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ẹ̀rọ ìjórin inverter tí kò wúwo ju ọmọ ọdún méjì lọ. Fáìlín tí wọ́n fi ń gé irin, tí wọ́n sì fi ń lọ̀ ọ́. Akoto tí ojú rẹ̀ ń ṣókùnkùn fúnra rẹ̀ bí iná bá ti ṣẹ́. Ìbọ̀wọ́ awọ tó dé ìgunpá. Fáìsì ńlá tó ń di irin mú. Àpótí sípánà tó jẹ́ pé nọ́tì tí ìdajì wọn lè tú kò sí nínú ilé náà. Ó gbé pákó mọ́ ògiri, ó kan ìṣó sí i, ó fi ọ̀dà ya àwòrán irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ibi tí yóò máa gbé, ó ya fọ́tò, ó gbé e sórí Facebook. Àwọn ọ̀rẹ́ ń kí i: “Ògún á gbè ọ́ o, Ẹnjiníà.” Ẹnjiníà! Irin kan kò tíì gbóná níbẹ̀.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó ra irinṣẹ́. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ó kó wọn jọ kó tó ronú ohun tó fẹ́ ṣe, bí ẹni tó ra ọ̀já ìpọnmọ sílẹ̀ kó tó mọ ilé ìyàwó.

Bí ẹ bá wọ àgbẹ̀dẹ àtijọ́, kí lẹ máa bá níbẹ̀? Ẹwìrì, owú tí wọ́n ń gbé irin lé, ọmọ owú tí wọ́n fi ń lù ú, ẹ̀mú, èédú, omi. Ó tán. Ẹ̀mú tí alágbẹ̀dẹ fi ń di irin gbígbóná mú, alágbẹ̀dẹ ló rọ ọ́. Ọmọṣẹ́ tuntun kì í gba ọmọ owú lọ́jọ́ tó dé. Ìdí ẹwìrì ni wọ́n ń fi í sí kó máa fín iná, kó máa wo bí irin ṣe ń pa àwọ̀ dà. Nígbà tí yóò fi dìde níbẹ̀, ojú rẹ̀ ti mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì dán wò. Kò sí ọjà orí fóònù tí wọ́n ti ń ta ìjókòó ìdí ẹwìrì.

Òyìnbó tí Bọ̀dá ń wò yẹn pàápàá, ìdí iná náà làwọn baba wọn ti dìde. Henry Maudslay, ọmọ Woolwich tí wọ́n bí lọ́dún 1771, ọmọdé ló wà tó ti ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ohun ìjà ọba. Láti ibẹ̀ ló lọ bá Joseph Bramah, oníṣẹ́ àgádágodo ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó di ọ̀gá láàárín àwọn òṣìṣẹ́, ó ní kí wọ́n fi kún 30 ṣílè tí òun ń gbà lọ́sẹ̀, Bramah kọ̀, ló bá bá tirẹ̀ lọ lọ́dún 1797. Léètì tó ṣe lákòókò yẹn, tó ń gé ìlà sára bólùtì kí gbogbo rẹ̀ dọ́gba, ṣì wà ní Science Museum ní Lọ́ńdọ̀nù dòní. Àwọn bàbá wa ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Léètì ò gbọ́ òwe yẹn. Léètì játijàti lè gbẹ́ ẹ̀yà ara léètì tó dára jù ú lọ, bí ẹni tó dúró tì í bá ní sùúrù àti fáìlì. Ọ̀rọ̀ sùúrù yẹn ni àwọn ọlọ́jà kì í kọ sára páálí.

Ará Springfield kan ní Missouri, Dave Gingery, gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí ẹ̀yìnkùlé. Ìwé méje ló kọ láti fi kọ́ èèyàn bó ṣe lè fi àjákù irin ṣe ilé iṣẹ́ tirẹ̀; èyí àkọ́kọ́ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Garawa àti èédú ló fi bẹ̀rẹ̀. Alúmínù àjákù ń yọ́ ní nǹkan bíi 660°C, ó dà á sínú yanrìn, ó fi ọwọ́ fá ohun tó jáde títí ó fi tẹ́jú, ó di léètì, léètì bá a ṣe ẹ̀rọ tó kàn. Àwọn tó ń da ìkòkò alúmínù lẹ́yìn ọjà wa mọ ìdajì ìwé àkọ́kọ́ yẹn lórí, wọn ò kàn kọ ọ́ sílẹ̀. Bọ̀dá Irinṣẹ́ ti ra ìwé méjèèje. Eruku èédú ò tíì kan ojú ewé kan nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká fi Bọ̀dá sílẹ̀ díẹ̀, ká ṣe nǹkan kan. Ṣísẹ́lì tí a fi ń gé irin ni ká ṣe.

Ẹ lọ sí Ọ̀wódé Onírin, tàbí kí ẹ lọ bá onírin àlòkù àdúgbò yín, ẹ ra ègé sípíríìn mọ́tò tó nípọn bí àtàǹpàkò. Ẹ da èédú sínú ríìmù ọkọ̀ tó ti ya. Ẹ̀rọ gbígbẹ irun tí onídìrí ti pa tì ni ẹwìrì yín. Ẹ mú irin gbóná, ẹ nà án tọ́, ẹ lu ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ, ẹ lọ̀ ọ́ kó mú, kí ẹ tó dá a padà síná. Ẹ yọ òòfà inú sípíkà rédíò tó ti kú, ẹ so ó mọ́ wáyà, ẹ máa fi kan irin náà. Bí ooru bá ti tó nǹkan bíi 770°C, òòfà kò ní gbá a mú mọ́. Ẹ jẹ́ kó pọ́n díẹ̀ sí i, kí ẹ ri ẹnu rẹ̀ bọ òróró. Ó ti le báyìí, fáìlì yóò máa yọ̀ lórí rẹ̀, àmọ́ bí ẹ bá fi gé nǹkan bẹ́ẹ̀, yóò ṣẹ́. Ẹ fi sáńpépà fá a títí yóò fi funfun, ẹ wá máa yan ìdí rẹ̀ jẹ́jẹ́. Àwọ̀ yóò máa rìn bọ̀ láti ìdí wá sẹ́nu: àwọ̀ ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́ ní nǹkan bíi 230°C, àwọ̀ ilẹ̀, àwọ̀ àlùkò ní nǹkan bíi 280°C, lẹ́yìn náà aró. Àlùkò ni ti ṣísẹ́lì. Bó bá ti dé ẹnu, kíá, sínú omi. Ẹni tó bá ní kí òun kọ́kọ́ ya fọ́tò, aró ti dé bá a níbẹ̀, irin ti rọ̀, kó tún da èédú sí i.

Ṣísẹ́lì yìí kò ní dán bíi ti inú páálí. Ṣùgbọ́n bó bá kú lẹ́nu lọ́la, ẹni tó ṣe é mọ bí wọ́n ṣe ń jí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀mú, bẹ́ẹ̀ ni irin tí a fi ń sàmì, bẹ́ẹ̀ ni tábìlì iṣẹ́. Owó tí ẹ kò ná sórí wọn, ẹ fi ra ohun tí ọwọ́ ilé ò lè ṣe, kí ẹ sì ra ojúlówó: fáìlì, ẹnu dírílì, kálípà tí a fi ń wọn nǹkan. Lójú tèmi, kálípà tó ń parọ́ burú ju àìní lọ, torí ẹni tí kò ní yóò máa fi irin kan wọn èkejì títí wọn á fi bára mu. Ní ti owú, ègé irin tó wúwo tó ṣẹ́kù níbi tí wọ́n ti kọ́ ilé alájà ti tó. Àwọn kan á ní irin ojú rélùwéè ló dára jù. Òótọ́ ni. Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó fẹ́ tà á pé rélùwéè wo ló tà á fún un, torí ọlọ́pàá yóò bi ẹ̀yin náà.

Mi ò ní torí Bọ̀dá Irinṣẹ́ wá máa yin ìbátan rẹ̀, Bọ̀dá Àfọwọ́ṣe, tó búra pé òun ò ní ra nǹkan kan. Ìyẹn ti fi ẹ̀rọ ìfọṣọ ìyàwó rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ ìlọrin. Ó ń ṣe irinṣẹ́ tí yóò fi ṣe irinṣẹ́ tí yóò fi ṣe dírílì. Ihò tó fẹ́ lu ni kò rántí mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ń fọwọ́ fọṣọ.

Kí ẹ má sì gbàdúrà pé kí Bọ̀dá Irinṣẹ́ tètè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ o. Àbúrò rẹ̀ kan tó wà nílé níbí bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ gé irin tó nípọn, díìsì fáìlín rẹ̀, ínǹṣì mẹ́rin ààbọ̀, kò dé ibi tó ń fẹ́. Wọ́n kọ 13,300 sára díìsì kékeré yẹn, iye ìgbà tó lè yí ní ìṣẹ́jú kan láìfọ́. Ti ínǹṣì mẹ́sàn-án kò ju nǹkan bíi 6,600 lọ. Fáìlín kékeré sì ń yí tó 11,000. Ihò díìsì méjèèjì dọ́gba, nítorí náà àbúrò yọ irin ìdáàbòbò, ó gbé díìsì ńlá wọ ẹ̀rọ kékeré, ó ní “Ó kúkú wọ̀ ọ́.” Orí ló yọ ọ́, NEPA mú iná lọ kó tó tan án. Ìgbà kan náà wà tó ń jó páìpù tí wọ́n fi síńkì bò nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì. Síńkì a máa hó ní 907°C, kí irin abẹ́ rẹ̀ tó ronú àtiyọ́, èéfín funfun sì gba yàrá kan. Lálẹ́, otútù mú un, ara rẹ̀ gbóná, orí ń fọ́ ọ. Ó ra oògùn ibà, ó ń ṣépè fún ẹ̀fọn. Ẹ̀fọn ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Híńjì géètì ilé Bọ̀dá Irinṣẹ́ já lọ́jọ́ Sátidé kan. Bọ̀dá ní kí ẹnikẹ́ni má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, òun yóò jó o. Ó wo fídíò. Ó wo òmíràn. Ó wá rí i pé electrode gauge 10 ni òun ní, gauge 12 ló yẹ iṣẹ́ náà, ló bá tẹ fóònù. Wọ́n ní yóò dé lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè. Ìyàwó rẹ̀ wo géètì tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò bá a fa ọ̀rọ̀, ó ránṣẹ́ sí jórinjórin ìkóríta.

Jórinjórin dé pẹ̀lú ọmọṣẹ́, wọ́n ń ti ẹ̀rọ ìjórin bọ̀ lórí ọmọlanke. Ẹ̀rọ náà ò ní orúkọ. Rẹwáyà àdúgbò ló wé wáyà kọ́pà inú rẹ̀, jórinjórin fúnra rẹ̀ ló jó àpótí tí wọ́n kó o sí.

“Dádì, ẹ kú ìsinmi o. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé a lè rí ohun tí a máa fi di híńjì yìí mú?”

Bọ̀dá ṣí gáréèjì. Jórinjórin dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ògiri látòkè délẹ̀. “Ha! Dádì, wẹ́dà ni yín ni?”

“Rárá o. Mo kàn nífẹ̀ẹ́ sí i ni.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀, sà.”

Ó di híńjì mọ́ fáìsì, ọmọṣẹ́ lù ú tọ́, wọ́n gbé e padà sára géètì, iná ṣẹ́ yẹ̀rì, ó tán. Electrode kejì kò tíì jó dé ìdí. Ó wá ku owó. Jórinjórin pe iye tirẹ̀, ìyá àwọn ọmọ ní rárá.

“Ẹ̀yin lẹ ni ẹ̀rọ o, àmọ́ fáìsì wa lẹ lò. Ẹ yọ owó ẹ̀ kúrò níbẹ̀.”

Jórinjórin rẹ́rìn-ín, ó yọ ẹgbẹ̀rún náírà kan. Owó àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ Bọ̀dá pa nìyẹn, kò sì kọjá lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá àwọn ọmọ fi kún owó tòmátì.